Mojí Tó Máa Ń Ní Òun Ti Yó

Iná lọ lánàá, ẹ̀rọ ìgúnyán àwọn aládùúgbò wa ní òpópónà Adébáyọ̀ sì dákẹ́, ni wọ́n bá gbé odó síta. Bí mo ṣe ń gbọ́ ìró ọmọ odó lójú ọ̀sán, wọ́n ké sí ọmọ-ọmọ mi pé kó wá jẹun. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti yó. Inú ìyá rẹ̀ dùn pé ọmọ òun lẹ́kọ̀ọ́. Èmi wọ yàrá lọ, nítorí ọkàn mi bàjẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá bá wa nídìí oúnjẹ, dandan ni ká pè é. Bó bá jẹ́ ọmọdé, dandan ni kó ní òun ti yó. Ìyá mi kì í nà wá lórí èyí o. Ojú ló fi ń bá wa wí, ojú ọ̀hún sì ju ẹgba lọ.

Mojí, ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, àìsàn sì ti dá ìyá rẹ̀ jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá wá pè mí ká lọ pọnmi, a ó ní kó wá jẹun, yóò ní òun ti yó, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò kọ ẹ̀yìn sí wa. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, a máa wò ó títí òkèlè á fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Yèyé ṣàdédé ní apá ń dun òun. “Mojí, wá bá mi gún uyán yìí o jàre.” Irọ́ ni! Yèyé tó ṣì ń ru igi bọ̀ láti oko. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá gúnyán ló ni èyí tó bá kù sínú odó, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní wọ̀bìà. Láti ọjọ́ náà, Yèyé a fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ nínú odó, a ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Mojí a da ọbẹ̀ sí i, a jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ìyá mi ní Yèyé ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Yèyé ní, “Usẹ́ ló ṣe, jẹ́ ó jẹun.”

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti ń kún bọ̀ kí aláròká kan tó lọ kí ìyá rẹ̀ pé ó kú oríire, pé a ń bá a bọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Mojí fi ọwọ́ ti ògiri wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀, Yèyé ní kó dìde, wọ́n kí ara wọn kú ilé, kú ìrọ̀lẹ́, kú ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ebi.

“Ẹ ṣeun, Yèyé. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ n' Íjàn ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn.”

Yèyé ní ó dáa. Kí ló tún lè sọ tí kò ní dójú ti obìnrin náà? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Mojí ti lọ. N kò rí i mọ́ títí di òní.

Ilé wa àtijọ́ ti di ìsọ̀. A ṣì ń pe ara wa wá jẹun, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pàdé ará Ìjàn ní àdúgbò Fájuyì, mo máa ń béèrè Mojí, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Àgbà méjèèjì tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ló hùwà ọmọlúàbí, n kò lè bá ẹnì kankan wí. Àmọ́ Mojí wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ lọ.