Fèrèsé Yàrá Kẹrin

Ìgbà ìkẹyìn tí ìyá náà gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, orí fóònù ni, ọ̀rọ̀ yàrá kẹrin ló sì ń sọ.

"Màámi, yàrá kẹrin yẹn ò yé mi. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo yàrá tó kù lọ. Ṣé ẹnì kankan fọwọ́ kan fèrèsé ni?"

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?" ni ìyá dáhùn. "Jẹun kí o tó sùn, Ọ̀gá Afẹ́fẹ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á padà wá wọ̀n ọ́n ní Ọjọ́bọ̀.

Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Ó mọ ilẹ̀kùn tó ń ké bí ọmọ tuntun, ó mọ abẹ́ ibùsùn tí omi máa ń dá sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ilé náà ṣe kí iná mànàmáná tó ń lò lè dínkù, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n rán wá wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Orí iye tó bá rí ni wọn yóò gbé ìṣirò fáànù lé.

"Kí ni ọmọ rẹ fi ń wọn afẹ́fẹ́?" ni ẹni tí òun àti ìyá jọ ń nu ilẹ̀ bi í. "Agolo?"

"Agolo olómorí ni, kí afẹ́fẹ́ tìẹ má baà kó sí i."

Ọmọ náà gbé ẹ̀rọ kékeré kọ́ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje. Ó kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ o. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe."

Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá. Àwọn àgbàlagbà tó ń gba ìtọ́jú ní yàrá kẹrin ò fẹ́ òtútù. Títì ni fèrèsé wọn máa ń wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi aṣọ àlòkù dí ihò afẹ́fẹ́ òkè fún wọn. Ojú wá ń tì í pé ibi tó há bẹ́ẹ̀ ni ọmọ òun máa bá. Bí àlejò bá ń bọ̀, ṣebí a máa ń gbálẹ̀? Ó yọ aṣọ náà, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ méjèèje, ó wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kún ti àwọn aláìsàn. Ó rò pé òun ń gbé ọmọ òun ga ni. Bí wọ́n ṣe kó ẹ̀rọ kúrò báyìí, ó dí ihò padà.

Ọjọ́bọ̀ ò bá ọmọ náà láyé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, lórí àga tó ti ń ṣe ìṣirò.

Ẹni tí òun àti ọmọ náà jọ ń ṣiṣẹ́ ìṣirò wá kí ìyá. "Màmá, ẹ mọ́kàn le. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ mọ́ tónítóní. Yàrá kẹrin ló tiẹ̀ dùn mọ́ wa jù. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tó, fáànù kékeré la máa fi síbẹ̀."

Ìyá la ẹnu. Bí òun bá sọ ọ́, wọn á ní ọmọ òun ṣi ìṣirò. Bí òun ò bá sì sọ ọ́, àwọn arúgbó yẹn á máa mí èémí ara wọn.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí kò bọ́ ńkọ́? Inú ni ìyá gbé e sí, ibẹ̀ ló ti ń rà.

Fáànù kékeré ti dé, ó wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò tíì tún yàrá kẹrin wọ̀n.