Ìrọ̀rí Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi kì í wọkọ̀ kó má sùn. Kí a tó kúrò ní Kabusa, á ti gbórí lé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òróró irun rẹ̀ á sì fi àmì síbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ nù ún, á ní, “Dádì wọn, ẹ fi ìrọ̀rí mi sílẹ̀ o.”

Lẹ́yìn tí a sin ín, n kò nù ún mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkúta fọ́ gíláàsì náà. Wọn kò ṣe irú ọkọ̀ wa mọ́, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ará Kàbà kan ní Àpò tú òmíràn lára ọkọ̀ tó ti kú. Ó nù ún títí ó fi ń dán.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò ní àbàwọ́n kankan.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi kòtò ọ̀nà Kabusa, mo rọra wakọ̀, bí mo ti máa ń ṣe, kí orí ìyàwó mi má baà gbá gíláàsì.