Agbọ̀n Eérú ní Ìgbà Ọyẹ́

Ìyàwó mi ti kú. Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ti kú tipẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi lè kọ ọ́ báyìí.

Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé mi dé Ẹ̀pẹ́, ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira, ibẹ̀ ni mo sì ti gbéyàwó. Ọṣẹ dúdú ni ìyàwó mi ń ṣe. Òrùlé páànù ni ilé tí a gbà. Ẹ̀yìn wa gan-an ni ilé bàbá arúgbó kan tó ń hun àwọ̀n ẹja wà. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń kó àwọ̀n pamọ́ sí, kò sì ní ibòmíràn. Abẹ́ imọ̀ náà ló máa ń jókòó sí lójoojúmọ́, á máa hun àwọ̀n, á máa fa ìkòkò tábà rẹ̀.

Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì àwọn àgbà. Nígbà tí kánsù wá lẹ ìwé òfin iná mọ́ ara igi ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n ní kí n kà á sókè. Kò ṣòro. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé títí òjò yóò fi rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun pàǹtí tàbí ohunkóhun ní gbangba lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ. Iná gbọ́dọ̀ jìnnà sí òrùlé ewé. Ẹni tó bá dáná níta gbọ́dọ̀ da omi sí i kó tó fi í sílẹ̀, títí kan eérú rẹ̀. Kí ìkòkò omi àti garawa yanrìn sì wà lẹ́nu ọ̀nà onílé kọ̀ọ̀kan.

Bàbá nawọ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ onírùngbọ̀n, tábà ńkọ́?"

"Wọn ò dárúkọ tábà, Bàbá."

"O ṣeun. Bá mi kí wọn o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Èèpo kòkó la fi ń ṣe eérú ọṣẹ. Wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó máa jó lábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ títí yóò fi funfun. Ẹnikẹ́ni kì í da omi sí i. Eérú tí omi bá kàn kí àsìkò rẹ̀ tó tó, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọṣẹ rẹ̀ kì í hó.

"Ẹni tó kọ òfin yẹn ò fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ rí," ìyàwó mi wí nígbà tí a délé.

"Òfin ni."

"Ẹ lọ kà á fún eérú."

Láti ọjọ́ náà, ìdájí ló ń sun èèpo rẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Omi ni kò dà sí i. Ìdajì òfin la pa mọ́.

Ọyẹ́ ọdún náà burú. Pákó tí mo bá fá ní alẹ́ á ti là kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀sà kò ṣeé rí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, imọ̀ orí ilé bàbá á máa dún bí ìwé tí wọ́n ń rún. A gbọ́ pé oko kan ti jó ní ọ̀nà Agbowa.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, ariwo ta pé wolé-wolé ti dé. Ó ti wo ilé bàbá tán, ilé tiwa ló kàn. Agbọ̀n eérú kan wà ní àgbàlá wa, eérú ọjọ́ kẹta. Gbogbo wa mọ̀ pé bí wolé-wolé yìí bá rí eérú, kì í béèrè, omi ló máa ń dà sí i.

"Ẹ gbé e pamọ́!" ìyàwó mi wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sá èèpo yẹn."

Mo fọwọ́ kan eérú náà lókè. Ó tutù. N kò ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀. Mo gbé agbọ̀n náà gba ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e ti ara ògiri bàbá, lábẹ́ imọ̀ rẹ̀, mo sì fi àpò bò ó. Èmi ni mo gbé e. Kì í ṣe ìyàwó mi.

Wolé-wolé wo ìkòkò omi wa, ó wo yanrìn wa. "Káfíńtà, ilé yín mọ́," ó wí. "Ẹni tó mọ̀wé yàtọ̀."

Inú mi dùn.

Lẹ́yìn náà ìyàwó mi gbé ọṣẹ lọ sọ́jà, èmi sì wẹ̀, mo lọ kí Jímọ̀. Mo rò pé ó ti gbé agbọ̀n rẹ̀ padà. Òun náà rò pé mo ti gbé e.

Ìmáàmù ṣì ń ṣe wáàsí nígbà tí a gbóòórùn èéfín. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dìde. Ìgbà tí a gbọ́ "Iná o!" ni gbogbo wa tú jáde. Àwọn ọkùnrin gbé bùtà àlùwàlá, wọ́n ń sáré. Bùtà! A da ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà wa náà sí i. Ńṣe ló dà bí ẹni tutọ́ sí i. Àwọn obìnrin ti fa bàbá jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo àwọ̀n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jó.

Wolé-wolé padà wá nígbà tí iná ti tán.

"Bàbá, ìkòkò tábà yín dà?"

Bàbá fọwọ́ wá ara rẹ̀. "Mo gbé e sílẹ̀ nídìí ògiri."

"Ṣé iná wà nínú rẹ̀?"

"Mo rò pé ó ti kú."

"Ẹ rò!"

Àwọn èèyàn mi orí. Agbọ̀n náà ti jóná pátápátá, eérú rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ eérú ilé. Ìyàwó mi dé pẹ̀lú igbá ọṣẹ lórí. Ó wo ibi tí ògiri náà wà, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Kánsù ní bàbá kò gbọdọ̀ fi imọ̀ bo ilé níbẹ̀ mọ́, àfi páànù. Kò ní agbára páànù. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Agbowa láti mú un lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ wa.

"Ọmọ mi," ó wí, "ẹ dárí jì mí, ìwọ àti ìyàwó wa. Díẹ̀ ló kù kí n sun yín mọ́lé."

Ìyàwó mi dìde, ó wọ yàrá lọ.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," mo wí.

"Ẹ ti dárí jì mí?"

"A ti dárí jì yín."

Ó dúpẹ́. Ó ṣàdúrà fún wa kó tó lọ, pé kí Ọlọ́run má fi iná dán wa wò. Mo ṣe àmín.