Ojú-Ìwé Tí Omi Kò Lè Fọ̀

Títí di òní, àwọn kan ṣì wà ní Móṣí Zọ́ńgò wa ní Kùmásí tí wọ́n ń sọ pé èmi ni mo kó oògùn Íńdíà wọ àdúgbò. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ìwé ni mo mú wọlé, bí mo bá sì rí irú rẹ̀ lónìí, màá tún mú un wọlé.

Ó ku bí ọdún méjì kí Gánà gba òmìnira, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Àdúm. Ará Íńdíà ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti kíyè sí i pé bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, bébà tí wọ́n fi wé bọ́tìnì ni mo máa ń kà. Lọ́jọ́ kan, ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ káńtà, ó ní kí n máa mú un lọ, ó ti di tèmi.

Ìtàn ajẹ́jẹ̀ẹ́ onísìn Híńdù kan ni, pẹ̀lú àwọn ewì rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọrọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó fá orí, ó ró aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo, ó ń gbé igbá kiri tọrọ oúnjẹ. Ó mọ ìwé àtijọ́ ẹ̀sìn wọn débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń dìde fún un. Àmọ́ èdè àtijọ́ tí tálákà ò gbọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọ̀wé. Òun wá lọ ń fi èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí ní ìdí ààrò kọ ewì, nípa ọlọ, nípa odò, nípa opó tí wọn ò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Inú bí wọn. Wọ́n ní ó ti sọ ohun mímọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ènìyàn. Ó lọ lóòótọ́. Ewì tuntun ló kà fún wọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Iwájú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ èdè Íńdíà, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti ka ìwé dé Sítáńdáàdì Séfùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ewì náà ní Yorùbá sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì ń kà wọ́n fún àwọn obìnrin tó bá gbé aṣọ wá fún mi rán nílé. Bí mo bá ka ti opó, màá dá ẹ̀rọ dúró, àwọn náà á máa kà á tẹ̀ lé mi.

Ẹ rántí pé nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ Kùmásí ń kọ lẹ́tà sí Íńdíà láti fi ra òrùka àti tíírà. Ohunkóhun tó bá ti Íńdíà wá, oògùn ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ àáfà ní ìwé awo.

Bàbá mi ni àáfà náà. Abẹ́ igi dóńgóyárò ojúde wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, òun náà ló ń kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, pákó tí a fi ń kọ́ kéwú, tí yóò fi omi fọ̀ ọ́ kí aláìsàn mu ún. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ìyàwó kékeré Baba Àdínì, ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́ta, yọ́ wá bá mi.

"Àǹtí mi, wàláhì, ojú-ìwé kan péré ni mo fẹ́. Màá fọ̀ ọ́ mu."

"Haba! Ewì ni. Ewì ọlọ ni!"

"Ọlọ náà ò burú."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, ewé ìkẹyìn ìwé náà ti ya lọ, èyí tí mi ò tíì kọ ní Yorùbá. Mo mọ ẹni tó ya á.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ Jímọ̀ kan, Baba Àdínì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ ní mọ́sáláṣí wa, kó àwọn àgbà wá sí ojúde wa. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó rí ibi tó ya.

"Ta lo fi èyí ṣe oògùn fún?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, búútà dání, omi inú búútà ń dà sílẹ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Mi ò ní sọ, sà."

"Aden?" Èdè àwọn ará Kùmásí ló kọ́kọ́ fi bèèrè kó tó yí i sí tiwa. "Kí ló dé?"

"Nítorí pé mi ò fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, kí ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o, wọ́n kọ́ mi nílé. Ẹnu mi nìkan ni ò kúnlẹ̀. Baba Àdínì ju ìwé náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní àwọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kèfèrí, ó ní bí n ò bá sun ún báyìí, kò sí ọmọ tí yóò tún wá kéwú lọ́dọ̀ bàbá mi láti ọ̀la.

Bàbá mi wò mí. "Ọmọ mi, fi í síná."

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ò ní sun ún."

Bàbá mi dìde. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìwé náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi, bó ṣe máa ń gbé Kùránì, ó sì fi í sínú iná èédú tí ìyá mi fi ń se ọbẹ̀. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, ìbínú náà ò sì tíì tán lára mi.

Bí ó ṣe ń jó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké ewì opó, ní Yorùbá, láti orí. Baba Àdínì ní kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Kí n tó ké e tán, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí mo ń ránṣọ fún gba ìlà tó kàn lẹ́yìn mi, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ mi tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ. Yorùbá ló wà nínú rẹ̀, wọn ò kà á sí ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó Baba Àdínì mú ewé ìwé náà wá. Ó ti hunjọ, kò sí lẹ́tà kan tó parẹ́.

"Mo fọ̀ ọ́ títí, Àǹtí mi. Kò ṣí. Kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀?"

Mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mo kà á fún un. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ní bí òun bá kú, kí wọ́n fún ẹni tí ebi ń pa ní igbá òun. Ó ní ti ewì, kí wọ́n má wulẹ̀ wá a nínú ẹrù òun, nítorí àwọn obìnrin ìdí kànga ti gbé e lọ. Ìyàwó náà ní kí n tún un kà. Nígbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ké e fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé Baba Àdínì. Ó ń lọ ata, ó ń ké e sókè, ọkọ rẹ̀ sì wà nílé.