Ta Ni Kò Mọ Ìyẹn?

Ìyá Àrídájú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà lọ dì í mú wò! Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá ní òun hùmọ̀ nǹkan, òun ló máa sọ bóyá ìhùmọ̀ ni lóòótọ́, àbí ohun tí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà ì bá ti ronú kàn fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ó parí nìyẹn: kò sẹ́ni tó ni ín, kálukú lè máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹjọ́ tó wá gba oorun lójú rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ tó ń gé irin. Bí apá ẹ̀rọ náà bá sáré tó sì dúró lójijì, á máa gbọ̀n, ibi tó yẹ kó gé á yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ò tó fọ́nrán irun, irin ti bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá arúgbó kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní òun ti rí ọ̀nà ẹ̀: ẹ má tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tì í díẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún tì í; gbígbọ̀n ti ẹlẹ́ẹ̀kejì á pa ti àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan náà gbé tiwọn dé. Ẹ̀rọ tiwọn máa ń wọn ẹrù tó gbé, á sì fi ìyẹn mọ bí ìsinmi náà ṣe máa gùn tó. Wọ́n ní tiwọn ni tuntun. Ti bàbá yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí ìwọ̀sí!

Bàbá náà máa ń wá síbi ìjókòó ẹjọ́ náà. Á kàn wà lẹ́yìn, á fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú lórí eékún. Gbogbo okun ayé rẹ̀ ló ti lò sórí nǹkan yìí.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Àrídájú, ṣùgbọ́n àánú kọ́ ni wọ́n gbà á síṣẹ́ fún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òun alára, bó ṣe ka ọ̀rọ̀ bàbá náà tán, ohun tó wá sí i lẹ́nu ni, "Áà, ìyẹn náà ni?" Ó rọrùn jù. Báwo ló ṣe fẹ́ gbàgbé ohun tó ti mọ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣòro í ronú kàn?

Ìdí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọkọ rẹ̀ wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn ríro ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ìyàwó ló ń bá a so okùn bàtà. Bó ṣe kúnlẹ̀ tó ń so ó ní àárọ̀ Sátidé, ó bi í:

"Dádì wọn, bí apá ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A máa ń gbé irin tó wúwo lé e."

"Bí ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"A ó gbé òmíràn kún un." Ó rẹ́rìn-ín. "Tàbí ká dín eré ẹ̀ kù, kí ọ̀gá máa pariwo. Tàbí ká tẹ́ rọ́bà sí i nídìí. Ẹjọ́ lo tún gbé wálé, àbí?"

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ọ̀nà wo? Bó bá wà, ṣé a ò ní mọ̀ ọ́n ni?"

Ọ̀rọ̀ bàbá oníṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe àṣírí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síta tipẹ́. Ó bá sọ ọ́ fún un: ẹ tì í díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún tì í.

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà ni wọ́n ń torí ẹ̀ ṣẹjọ́? Háà! Ta ni kò mọ ìyẹn?"

Bó ṣe ní kóun dìde, ó di ẹ̀yìn mú. "Yéè!"

Ìyá Àrídájú ń wo ọwọ́ náà. Irin tó ń gbé lé ẹ̀rọ látìgbà ọ̀dọ́ ló ba ẹ̀yìn náà jẹ́.

"Dádì wọn," ó ní, "bí gbogbo yín bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbé irin?"

Ọkùnrin náà rọra padà jókòó. Ó dun ìyàwó pé òun bi í.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó gbogbo ìwé ẹ̀rọ àtijọ́ jáde. Ẹ gbé irin lé e, ẹ dín eré kù, ẹ tẹ́ rọ́bà: àfi bíi pé Dádì wọn ló ń pè é fún wọn kọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tì í lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá bàbá náà láre. Ti ilé-iṣẹ́ ńlá, ó ní bàbá yìí ti kọ ọ́ pé bí ẹrù bá ṣe wúwo sí ni ìsinmi ṣe ń gùn sí. Ẹni tó bá ka ìyẹn, wíwọn ẹrù ló kàn. Tiwọn gan-an lọmọdé mọ̀.

Nílé, ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló jàre?"

"Bàbá náà ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó na ẹsẹ̀ síwájú kó bá òun tú okùn bàtà. "Ká ní ó ti tètè sọ ọ́ ni, èmi ni ǹ bá máa bá ẹ so tìẹ."