Kóòtù Alhaji Nínú Dúrọ́ọ̀mù Màmá Furaha

Òórùn ọtí kíkan ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù náà. Kí ó tó di tiwa, kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Màámi fi omi gbóná àti ọṣẹ bó o títí, ó tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á nínú, síbẹ̀ òórùn náà kò kúrò. Àárọ̀ Sátidé kan ni, nígbà òtútù, nílé wa ní Richton Park, ní Améríkà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo sì tín-ín-rín bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Bùọ̀dá Múfú, àbúrò Màámi, ki ọwọ́ bọ̀ mí lábíyá, ó gbé mi sókè, ó sọ̀ mí kalẹ̀ sórí aṣọ tó kún dúrọ́ọ̀mù náà dẹ́nu. Ó ní, "Títí, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Mo fò, mo balẹ̀. Aṣọ ń wọlẹ̀, èmi náà ń bá a wọlẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé irun orí mi nìkan ni àwọn tó wà ní pálọ̀ ń rí. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ara dúrọ́ọ̀mù wọlé sọ gbogbo ọwọ́ mi di aláwọ̀ búlúù. Ohun tó kún lẹ́ẹ̀kan ti di ìdajì, ẹsẹ̀ mi ló sì ṣe é. Bọ́ọ̀lù ni eré àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Láti ọjọ́ yẹn, dúrọ́ọ̀mù ni tèmi.

Ẹni tí a ń dì í fún ni Màmá Furaha, aládùúgbò wa tó ń gbé nílé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ará Kóńgò ni, láti apá ìlà-oòrùn níbi tí ogun kò ti jẹ́ kí àwọn èèyàn sinmi. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dé Améríkà, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ àbúrò náà ṣì wà nínú àgọ́ lórí òkè kan, láàárín ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ìkòkò kan ṣoṣo ni àbúrò náà gbé sálọ. Nígbà tí Màámi gbọ́ èyí, ó pe gbogbo Yorùbá tó mọ̀ láti Lansing dé Joliet, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ó ní kí kálukú mú nǹkan wá, kí a lè dì í ránṣẹ́ sí wọn.

Màámi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ: "Àyè kì í há, inú ní í há." Ó máa ń sọ ọ́ bí àwa ọmọ bá ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń sọ ọ́ bí a bá jẹ́ mẹ́jọ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, dúrọ́ọ̀mù ló ń sọ ọ́ fún.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ ni dídi dúrọ́ọ̀mù. Ohun tó wúwo ní í wà nísàlẹ̀. A kì í ká aṣọ ní pẹlẹbẹ, ṣe ni a máa ń yí i bí ẹní. Ìbọ̀sẹ̀ á wọ inú ife, ife á wọ inú ìkòkò, ìkòkò á wọ inú bákẹ́ẹ̀tì. Bàtà kò gbọdọ̀ lọ lófìfo, ṣíbí ni a máa ń kì sínú rẹ̀. Ọṣẹ àti ìrẹsì kò gbọdọ̀ fojú kanra, torí pé ìrẹsì tó bá ti gbóòórùn ọṣẹ, kò sí ọbẹ̀ tó lè tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù ni mo ti rí i, níbi tí mo jókòó sí bí adìyẹ tó ń sàba.

Kí àwọn àlejò tó dé, Màámi ti yẹ gbogbo ẹrù tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá wò. Gbogbo aṣọ tó nípọn pátá ló kó sínú àpò, ó sì gbé wọn lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Ó ní, "Ẹ gbà mí! Ta ló kó súwẹ́tà wá? Áfíríkà mà ni!" Lójú Màámi, Ìsẹ́yìn tí wọ́n fà gùn ni Áfíríkà. Ibi tí wọ́n ti bí i nìyẹn, òtútù tó le jù tó mọ̀ níbẹ̀ ni ọyẹ́. Bùọ̀dá Múfú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, tó wọ ṣòkòtò méjì àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ilé tí hítà ń ṣiṣẹ́, ní, "Ẹ fún mi o. Èmi tí mo wà lẹ́nu ìyà ni mo nílò rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá Furaha náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fojú tẹ̀lé àpò yẹn bó ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì tí Màámi máa ń sọ ni pé, "Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Òun fúnra rẹ̀ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán, ilé kún. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbí, ẹ mọ ètò náà: Yorùbá kò lè mú ẹrù wá sílé Yorùbá kó má jẹun, ẹni tó bá sì máa jẹun gbọ́dọ̀ bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀. Kò sí ibi tí a máa gbé e kọ́ sí, nítorí náà orí bẹ́ẹ̀dì Màámi ni gbogbo kóòtù máa ń lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì náà ni aṣọ tí Màámi ti ṣà fún dúrọ́ọ̀mù wà.

Kóòtù Alhaji ló dé gbẹ̀yìn. Alhaji ni àgbà wa, ó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, ó sanra dáadáa. Kóòtù rẹ̀ jẹ́ awọ dúdú tó gùn dé orúnkún, irun àgùntàn ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń ta sánsán fún tùràrí. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi. Ó ní, "Rọra o, Títí. Ó ń sùn. Má jí i."

A kò tí ì jẹun tán tí awakọ̀ tó ń kó dúrọ́ọ̀mù pè pé yìnyín ń bọ̀, òun ti wà nítòsí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ti kọ̀ntéínà, àpótí ńlá tó ń kó dúrọ́ọ̀mù gba orí omi lọ. Dúrọ́ọ̀mù tí kò bá bá a lọ, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn máa lọ sí apá ibẹ̀. Màámi ké láti kíṣìnnì: "Múfú! Gbogbo ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kó o sí dúrọ́ọ̀mù kíákíá!"

Bùọ̀dá Múfú kò tí ì ríbi tí àlejò ti ń kó kóòtù sórí bẹ́ẹ̀dì rí. Àṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ẹni tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ohun tó bá ń já bọ̀ sórí rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ohun rírọ̀ ń bọ̀, ohun dúdú ń bọ̀, ohun olóòórùn dídùn ń bọ̀. Mo ń fi orúnkún lé afẹ́fẹ́ jáde nínú wọn, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń gún iyán. Wọ́n fà mí jáde, Bùọ̀dá Múfú jókòó lórí ọmọrí, wọ́n fi òrùka irin dè é, awakọ̀ gbé e lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Áńtì Ṣọlá, tí òun àti Màámi jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Joliet, ló kọ́kọ́ dìde láti lọ síṣẹ́. Ó wọ yàrá, ó sì ké. A sáré lọ. Bẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní.

Alhaji rọra yíjú. "Múfú, kóòtù mi dà?"

"Kóòtù wo ni, sà?"

"Èyí tó ń sùn."

Bùọ̀dá Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alhaji, ó ti rìnrìn àjò, sà."

Èyí tó burú jù ni pé inú àpò kóòtù ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbogbo wọn wà. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè kúrò nílé wa. Màámi pe awakọ̀. Awakọ̀ ní òun máa padà, ṣùgbọ́n kò ní dúró ju ìgbà tí èèyàn lè jẹ abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù kan tán lọ, kí wọ́n sì rí i pé abọ́ náà wà nílẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù kò bá tí ì padé nígbà náà, òun ń lọ nìyẹn. Màmá Furaha jókòó sórí àga, ó káwọ́ lérí.

Nígbà tí wọ́n tú òrùka irin náà, ọmọrí fò lọ bá fìlà Alhaji. Kóòtù ń wú jáde bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Kálukú ń fa apá aṣọ, kálukú ń ki ọwọ́ bọ àpò. "Èyí kì í ṣe tèmi!" "Ta ló ni eyín àtọwọ́dá yìí?" Awakọ̀ jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Bí kóòtù ṣe jáde tán, dúrọ́ọ̀mù di òfìfo dé ìdajì, gbogbo ohun tí mo tò sì ti dàrú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò da kóòtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Màmá Furaha di kóòtù Alhaji mú. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaji, bó ṣe rí i tí Màámi máa ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé gbogbo wa: "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji. Orí òkè yẹn ga. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ lálẹ́. Ilẹ̀ tútù ni àwọn ọmọ àbúrò mi ń sùn sí."

Bùọ̀dá Múfú béèrè pé, "Áfíríkà kan náà lẹ ń sọ ni?"

Màámi ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ ń ṣe mí lóore, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe máa ní kí ẹ dúró?"

Màámi jókòó lé àpò ìrẹsì. Gbogbo wa wá ń wo Alhaji. Ó gba kóòtù rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lára. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò nínú àpò ọ̀tún. Ó yọ súwíìtì míńtì tó máa ń jẹ kúrò nínú àpò òsì, ó wò ó, ó dá a padà síbẹ̀. Ní kọ̀rọ̀, ṣíbí awakọ̀ ti ń ha ìsàlẹ̀ abọ́.

Alhaji ní, "Títí, wọlé." Ó na kóòtù sí mi nínú dúrọ́ọ̀mù. "Rọra tẹ̀ ẹ́ o. Ó ń sùn."

Ilé bá dàrú. Bùọ̀dá Múfú sáré gbé àpò súwẹ́tà wá láti ìsàlẹ̀. Áńtì Ṣọlá ju kóòtù tirẹ̀ náà sí i. Mi ò tẹ aṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fi ìdí tẹ̀ ẹ́, mo fi orí tẹ̀ ẹ́. Ọmọrí kọ̀, kò wọlé. Bùọ̀dá Múfú jókòó lé e, kò mì. Alhaji bá ká agbádá rẹ̀ sókè, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ lé e pẹ̀lú bísímílà. Gbà! Òrùka irin wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Awakọ̀ nu ẹnu, ó ní oúnjẹ dùn, ó gbé dúrọ́ọ̀mù lọ, ó sì bá àpótí ńlá náà kí wọ́n tó tì í.

Aṣọ ìbora Màámi, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ osùn, ni Alhaji fi wéra lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń rìn lórí yìnyín bí ọba tó ń lọ sí ààfin. Súwẹ́tà Bùọ̀dá Múfú méjì ni Áńtì Ṣọlá wọ lé ara wọn lọ síṣẹ́.

Ìgbà tí koríko ti yọ ni fọ́tò dé sórí fóònù Màmá Furaha. Àbúrò rẹ̀ ló dúró nínú ìrì lórí òkè, kóòtù Alhaji gùn ún dé ilẹ̀, orí àwọn ọmọ sì yọ láti abẹ́ rẹ̀ bí òròmọdìyẹ. Wọ́n ní kí a bá àwọn béèrè bóyá gbogbo kóòtù Améríkà ló máa ń so súwíìtì. Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, ogun ibẹ̀ kò sì tí ì tán. Àgọ́ ṣì wà lórí òkè, gàráàjì mi ní Lansing kò sì gba ọkọ̀ mọ́ nítorí dúrọ́ọ̀mù. Mo ti mọ bí àgọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, mo mọ oṣù tí òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ mi kì í sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ lórí oúnjẹ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, mo máa ń pe ẹni tó mọ ibẹ̀, mo máa ń béèrè ohun tí Màámi kò béèrè. Títí ìjọ́sí máa ń wọ inú dúrọ́ọ̀mù kó pòórá. Títí ti ìsinsìnyí gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìbàdí kọ̀, ọkọ mi sì ní láti dojú dúrọ́ọ̀mù délẹ̀ kó tó rí mi fà yọ. Ọmọ odó tí mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé ni mo ń lò báyìí.

Kóòtù márùndínlọ́gbọ̀n ló pọ̀ jù tí mo ti rí kó sínú dúrọ́ọ̀mù kan rí, pẹ̀lú ìkòkò àti ọṣẹ. Ní Sátidé tó kọjá, mo kó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọmọrí padé láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Súwíìtì míńtì wà nínú àpò gbogbo wọn, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì: kò sí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.