Ìyá Àgbà Kúnlẹ̀ fún Tẹlifíṣàn

Ṣọ́ọ̀bù fídíò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Ìkòtún. Mo ti parí sẹ́kọ́ńdírì, yunifásítì kò tíì gbà mí, inú sì ń bí mi sí gbogbo ayé. Iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ orúkọ àwọn tó wá yá kásẹ́ẹ̀tì sínú ìwé, kí n sì máa yí èyí tí wọ́n bá dá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà wa kì í fọwọ́ ara wọn yí nǹkan kan. Fíìmù Ṣáínà ni wọ́n ń yá, àti ti Íńdíà. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Àbúrò ọ̀gá mi ló gbà á sílẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi ránṣẹ́: àwòrán ogun àgbáyé kejì, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń wò ní sinimá láti mọ bí ogun ṣe ń lọ. Ta ló fẹ́ yá ìyẹn ní Ìkòtún?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà kò tà, mo fi í sínú ẹ̀rọ. Ṣọ́jà òyìnbó, ṣọ́jà òyìnbó, ọkọ̀ òfuurufú, ṣọ́jà òyìnbó. Orí ti ń fọ́ mi, mo ti nawọ́ láti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, ẹrù lórí wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà fi gẹ̀ẹ́sì imú sọ pé ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n, pé Bọ́mà ni wọ́n ń lọ. Mo pariwo. Ọ̀gá mi sáré wọlé, ó rò pé olè ni.

Kí ló dé tí mo fi pariwo? Bọ́mà ni bàbá tó bí ìyá mi kú sí.

Tíṣà ni Mọ́mì, ọmọ Èkìtì, yàrá méjì la háyà ní Egan. Inú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, ni ó ṣì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́jà lọ. Kò sí fọ́tò kankan. Lẹ́tà kan ló wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé ọkùnrin náà ti kú, ó parí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá kú sí òkè òkun, wọ́n á mú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé fún sísin. Kò sẹ́ni tó mú èyíkéyìí wá. Nígbà tí ẹbí wá fẹ́ ṣú Ìyá Àgbà lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ó ní láéláé, ìwé kì í ṣe òkú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá wà. Kò sì sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí Mọ́mì bá bi í pé, "Màmá, báwo ni bàbá mi ṣe rí?" ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Ó rí bí ènìyàn."

Ọdún tí mo rí fíìmù yìí ni Mọ́mì mú Ìyá Àgbà wá sí Èkó nítorí ojú rẹ̀. Dókítà ní ọ̀kan ti lọ, èkejì ló kù díẹ̀ kó tẹ̀ lé e. Mọ́mì kò lè jẹun. Ó ń sọ ọ́ káàkiri ilé: "Gbogbo àwọn tó mọ bàbá mi ti kú tán. Bí ojú yìí bá fọ́, ta ni yóò wá fi ojú bàbá mi hàn mí?"

Ni mo bá yá ẹ̀rọ fídíò ọ̀gá mi lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ìró wé e bí ọmọ tuntun, mo gbé e lé itan títí dé Egan. Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, mo so ó mọ́ tẹlifíṣàn wa. Tiwa kì í ṣe kọ́lọ̀. Dúdú àti funfun ni, fíìmù náà sì jẹ́ dúdú àti funfun, wọ́n bá ara wọn mu. Mọ́mì sún àga Ìyá Àgbà mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fapá jánú. "Kí ni mo fẹ́ fi ogun òyìnbó ṣe? Èyí tó ti ṣe mí kò tíì tó?" Ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ojú omi dé. Àwọn ṣọ́jà dúdú ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, tó gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dúró díẹ̀, ó wo kámẹ́rà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Obìnrin tí a máa ń gbá mú lápá méjèèjì kó tó lè dìde, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó ti wà lórí eékún méjèèjì níwájú tẹlifíṣàn.

"O káàbọ̀, ọkọ mi," ó ní. "O mà pẹ́ o."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wá wo ọkùnrin náà dáadáa, ẹ̀rín náà sì gbẹ. Gọ̀ǹbọ́ ló wà lójú rẹ̀, ilà gbọọrọ láti ẹ̀bátí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Pélé ni wọ́n ń kọ nílé bàbá Mọ́mì, mẹ́ta wẹ́wẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí kò ní i. Ilà kì í sì í ṣe fìlà tí ènìyàn ń pààrọ̀. Ọmọ ibòmíràn ni ọkùnrin yìí, kò tilẹ̀ ṣeé jiyàn.

Mo la ẹnu: "Mọ́mì, ilà yẹn..."

Ọwọ́ Mọ́mì ti dé itan mi. Ẹni tí tíṣà bá já ní èékánná rí, kò ní í gbàgbé. "Yí i padà sẹ́yìn," ó ní. "Kí màmá tún rí i."

Mo yí i padà. Mo tún yí i padà. Nígbà tí mo dá a dúró kó lè wò ó pẹ́, ìlà funfun gba gbogbo ojú ọkùnrin náà, Ìyá Àgbà sì jágbe mọ́ mi: "Má dè é mọ́lẹ̀! Jẹ́ kó máa bọ̀!" Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ò ń rẹ́rìn-ín! Mo ń gbé oyún rẹ pọnmi lódò, ìwọ ń rẹ́rìn-ín fún òyìnbó!" Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa Mọ́mì mọ́ra. "Wò ó. Oyún ọjọ́sí nìyí. Tíṣà ni."

Mọ́mì kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ káàbọ̀, bàbá mi."

Èmi nìkan ló kù lórí ìdúró, inú sì ń bí mi, torí mi ò fẹ́ràn irọ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹnu Ìyá Àgbà ti là. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ìtàn ọkọ rẹ̀ la fi ń jẹun: pé ọmọ adẹ́mu ni, síbẹ̀ ẹ̀rù òkè ń bà á, kò lè gun ọ̀pẹ, pé ó máa ń sá wọ ilé ìdáná láti bá a fọ ìkòkò kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa rí i. Mọ́mì á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú rẹ̀. Ara mi náà rọ̀. Ìgbà wo ló dùn tó ìyẹn nílé wa? Nígbà tí Ìyá Àgbà máa padà sílé, ó ní kí wọ́n wá ṣe ìsìnkú ọkọ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun ti rí i, kò sì bínú sí òun. Wọ́n ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti Mọ́mì jókòó síta, à ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Mọ́mì, ọkùnrin yẹn kọ́ ni bàbá yín o. Gọ̀ǹbọ́ ló kọ."

"Ìwọ nìkan lo lójú, àbí? Kí màmá tó kúnlẹ̀ ni mo ti rí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin náà fi kúnlẹ̀?"

Ó da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan sínú abọ́. "Ojú bàbá mi ni mo ń wá. Mi ò rí i, mi ò sì ní í rí i mọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí màmá ti bí mi, mi ò rí i kó wo ẹnikẹ́ni bó ṣe wo ọkùnrin yẹn rí. Mo ṣáà ti wá mọ̀ pé màmá fẹ́ràn bàbá mi." Ó fa àwo mi mọ́ra, ó wò ó, ó pòṣé. "Wo òkúta tó o fi sílẹ̀. Ìwọ tó o rí ilà lójú ẹni tó ti kú tipẹ́, o ò rí òkúta nínú ẹ̀wà. Ṣà á dáadáa, jàre."